Kákí Ni Àbí Agbádá? Àlàyé lórí Ṣọ́jà Tó Ń Ṣèlú

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo tò sórí ìlà àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sandgrouse ní Láfíàjí. Wọ́n ti lẹ pósítà kan mọ́ páànù tó wà lẹ́yìn ìyá aláàkàrà. Fọ́tò méjì ló wà lára rẹ̀, ẹnì kan náà ló sì wà nínú méjèèjì. Ní apá òsì, ó dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì, irun kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, kọ́là kákí rẹ̀ le bíi páálí. Ní apá ọ̀tún, ó ti wọ agbádá, ó dé abetí-ajá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Oyè ológun rẹ̀ ló ṣáájú orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, lẹ́tà mẹ́ta kékeré tó túmọ̀ sí pé ó ti fẹ̀yìntì sì wà lẹ́yìn orúkọ náà.

Ìyá náà kò gbójú kúrò nínú epo tó ń hó. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o mọ̀wé, bá mi wò ó. Èwo nínú àwọn méjèèjì yìí ló ń bọ̀ wá ṣe alága wa?"

Kí n tó lanu, àwọn tó wà lórí ìlà ti gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Bàbá kan ní ṣọ́jà ṣáà ni Mobolaji Johnson, ta ló tún ṣe Èkó bíi tirẹ̀? Ẹlòmíràn ní kí bàbá fi Johnson sílẹ̀, pé Johnson kì í ṣe olóṣèlú, wọ́n gbé e síbẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ pe Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, tó fi kákí jẹ ní Èkó, tó tún fi agbádá jẹ ní Ọ̀ṣun? Ọmọkùnrin kan tó páàkì kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì dá sí i pé òun náà ti gbọ́ pé ṣọ́jà kan wà tó ń jẹ́ Márúwá. Ó ní àtìgbà tí òun ti ń wa kẹ̀kẹ́, òun rò pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ni.

Àkàrà mi jinná, mo gbà á, mo lọ. Àmọ́ ìbéèrè ìyá náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ lójú. Àwọn tó kàwé pàápàá ń pe gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sórí àga ìjọba ní olóṣèlú. Àlàyé tí n kò ráyè ṣe lórí ìlà ni mo fẹ́ ṣe níbí.

Èdè wa gan-an ti la ọ̀nà méjì sílẹ̀. A máa ń sọ pé ẹnì kan ṣèjọba, a sì máa ń sọ pé ẹnì kan ń ṣe òṣèlú. Ẹni tó ṣèjọba ni ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe òṣèlú ni ẹni tó ń wá ojúure àwọn ará ìlú kó tó lè dé ibi tí àṣẹ wà. Ènìyàn lè ṣe méjèèjì, ó sì lè ṣe ọ̀kan kó má ṣe èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹnì kan ṣe, ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi ara yín: ta ló gbé e gorí àlééfà? Ta ló sì lè sọ fún un pé kó sọ̀kalẹ̀? Aṣọ tó wọ̀ kò lè dáhùn rẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú Johnson, nítorí orúkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará Èkó. Ọmọ Èkó ni, 1936 ni wọ́n bí i. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà lára àwọn ọmọ ogun wa tó lọ bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pẹ̀tù sí wàhálà Kóńgò. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi fi í ṣe alábòójútó Èkó, tó jẹ́ olú-ìlú àpapọ̀ nígbà náà. Ní May 27, 1967, ìjọba Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Wọ́n kó Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ olú-ìlú, ó di Ìpínlẹ̀ Èkó. Johnson sì di gómìnà àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ọmọ ọdún 31 ni. Bí ó bá jẹ́ òde òní ni, INEC, àjọ elétò ìdìbò, ò ní gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọdún 35 ni òfin ní kí ẹni tó fẹ́ du ipò gómìnà ti pé. Àmọ́ kò du ipò kankan. Ọ̀gá rẹ̀ ló rán an níṣẹ́, bí wọ́n ṣe lè rán ṣọ́jà lọ ṣọ́ afárá tàbí pápákọ̀ òfurufú. Kò lọ káàkiri ojúlé ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó fà á kalẹ̀, nítorí ìjọba ológun ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú láti 1966. Ọdún mẹ́jọ ló lò. Ní July 29, 1975, wọ́n dìtẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ Gowon, gbogbo àwọn gómìnà méjèèjìlá sì kúrò nípò. Bí ẹ ṣe rí i nìyẹn: àwọn ológun ló gbé e gorí àlééfà, àwọn ológun ló ní kó sọ̀kalẹ̀. Ará Èkó kankan kò dá sí i, ìbáà jẹ́ ní wíwọlé, ìbáà jẹ́ ní jíjáde.

Ìjọba Murtala gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti yẹ dúkìá àwọn gómìnà náà wò. Mẹ́wàá ni wọ́n dá lẹ́bi. Johnson àti Oluwole Rotimi ti Ìwọ̀-Oòrùn nìkan ni ọwọ́ wọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí inú àwọn àgbà Èkó fi máa ń dùn tí wọ́n bá ń dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré Oníkàn, ó wà lára ibùdókọ̀ ojú irin ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ pé Johnson ṣe dáadáa, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ìwà rere rẹ̀ kò sọ ọ́ di olóṣèlú, kò sì lè jẹ́ ẹ̀rí pé kí ṣọ́jà máa ṣèjọba. Orí ló bá Èkó ṣe é. Ká ní ìkà ni wọ́n rán sí wa fún ọdún mẹ́jọ yẹn ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta ni à bá gbé ẹjọ́ lọ?

Nítorí pé lábẹ́ ológun, gómìnà nìkan ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ohun tó bá buwọ́ lù ti dòfin. Ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń pè ní díkíríì, ti gómìnà ni ẹ́díìtì. Àwọn òbí wa tó wà ní Obálendé nígbà náà mọ̀ pé inú Dodan Barracks ni ọ̀rọ̀ ti ń wá. Tí wọ́n bá ti gbọ́ orin ológun lórí rédíò láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ti mọ̀ pé ìjọba ti yí padà. Gómìnà ológun lè ní kọmíṣánnà tó jẹ́ alágbádá, ọ̀pọ̀ wọn sì ní i, àmọ́ òun náà ló yàn wọ́n, òun ló lè lé wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fọ́tò ìjọba ológun tí agbádá pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún mẹ̀kúnnù, kó ronú nípa Màrókò, lẹ́bàá Victoria Island. Ní July 1990, nígbà ìjọba Raji Rasaki, ìkéde jáde pé kí àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò láàárín ọjọ́ méje. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi lè bò ó, àti pé ilé tó wà níbẹ̀ kò bófin mu. Ọjọ́ méje pé, katapílà dé. Iye àwọn tí wọ́n sábà máa ń sọ pé ó di aláìnílé jẹ́ nǹkan bí 300,000. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí ilé ìjọba ní Ìlàsàn àti Ìkọ̀tá. Àwọn tó kù, kálukú wá ibi tó máa forí pamọ́ sí. Kò sí aṣòfin tí wọ́n lè lọ bá pé "ìwọ la dìbò fún, dìde sọ̀rọ̀," kò sí ìbò tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ tí gómìnà lè máa bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ìjọba alágbádá náà ti wó ilé àwọn ènìyàn ní Èkó lẹ́yìn ìgbà náà, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí alágbádá bá wólé, aṣòfin wà tí a lè di lápá, ìbò wà tí a lè fi dúró dè é. Ní 1990, kò sí ìkankan nínú méjèèjì ní Màrókò.

Ọ̀rọ̀ tún wá dojú rú díẹ̀ nítorí pé àwọn ológun kan jẹ́ kí alágbádá jẹ gómìnà lábẹ́ wọn. Nígbà tí Babangida ṣì wà nípò ààrẹ pẹ̀lú kákí, wọ́n dìbò gómìnà ní December 1991. Ní Èkó, ìjà ti tú ẹgbẹ́ SDP ká lórí ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀, Michael Ọtẹ́dọlá ti NRC sì wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1992. Ẹ wá fi ìbéèrè méjì yẹn wò ó. Ta ló gbé e gorí àlééfà? Àwọn ará Èkó, pẹ̀lú ìbò. Ta ló ní kó sọ̀kalẹ̀? Sani Abacha, nígbà tó gbàjọba ní November 1993. Ojúlówó olóṣèlú ni Ọtẹ́dọlá, àmọ́ orí ilẹ̀ tí ológun yá a ló kọ́lé sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ sí Lateef Jakande, tí Èkó dìbò fún ní 1979 tí wọ́n tún dìbò fún ní 1983, tí ìdìtẹ̀ gbàjọba December 31, 1983 sì gbé e kúrò. Jakande yìí kan náà tún gbà láti ṣe mínísítà iṣẹ́ àti ilégbèé lábẹ́ Abacha. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò dárí ìyẹn jì í fún ìgbà pípẹ́, nítorí lójú tiwọn, alágbádá tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ológun ti bọ́ agbádá rẹ̀.

Oyinlọlá ni mo fẹ́ràn jù láti fi ṣàlàyé, nítorí ẹnì kan náà ló gba ọ̀nà méjèèjì kọjá, bíi fọ́tò méjì inú pósítà yẹn. Ọmọ ọba Òkukù ni, wọ́n bí i ní 1951. Òun náà ti lọ pẹ̀tù sí wàhálà ní Sòmálíà. Ní December 1993, Abacha rán an wá sí Èkó gẹ́gẹ́ bí alákòóso ológun. Wọn kì í pe irú wọn ní gómìnà mọ́ nígbà Abacha, "milad" ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Kò sí àkókò tó le ju ìyẹn lọ ní Èkó. Wọ́n ti fagi lé ìbò ààrẹ June 12, 1993, tí Abíọ́lá ń mókè nínú rẹ̀, inú ń bí ìlú. Ní June 11, 1994, M.K.O. Abíọ́lá dúró ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ tí aráàlú dìbò yàn. Láti Láfíàjí síbẹ̀, ẹsẹ̀ lèèyàn máa fi rìn. Ẹ fojú inú wò ó: ní erékùṣù kan náà, ẹni tí ìbò gbé wọlé kò ní àga, ẹni tí kò du ipò kankan ló jókòó sórí àga gómìnà. Kì í ṣe Oyinlọlá ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́jà ni, wọ́n rán an níṣẹ́, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní August 1996, wọ́n ní kó máa bọ̀, wọ́n rán Buba Marwa wá rọ́pò rẹ̀.

Ó kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní 1999. Lẹ́yìn náà ló wọ ẹgbẹ́ PDP, ó lọ sí ìpínlẹ̀ tirẹ̀, Ọ̀ṣun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìbò. Ní 2003, ó na gómìnà tó wà lórí àga, Bísí Àkàndé, ó wọlé. Ní 2007, àjọ elétò ìdìbò tún kéde rẹ̀. Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó bá a du ipò náà, ní òun kò gbà, ó gbé e lọ sí kọ́tù. Ẹjọ́ yẹn lọ, ó bọ̀, ó lé ní ọdún mẹ́ta. Ní November 26, 2010, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó jókòó ní Ìbàdàn sọ pé Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló wọlé, Oyinlọlá sì gbéra kúrò nílé ìjọba.

Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ náà wà. Ní Èkó, ta ni ì bá gbé Oyinlọlá lọ sí kọ́tù pé kò yẹ lórí àga? Lórí ìbò wo? Ní Ọ̀ṣun, àwọn adájọ́ tí kò ní ìbọn lọ́wọ́ ka ìwé lásán, ọ̀gágun kó ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni, orúkọ kan náà, oyè ológun kan náà ló wà níwájú orúkọ rẹ̀. Ohun tó yí padà ni ibi tí agbára rẹ̀ ti wá. N kò sọ èyí láti bú u. Bí ó ṣe kúrò lórí àga lọ́jọ́ tí kọ́tù sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rí tó dájú jù pé ó ti di olóṣèlú.

Marwa náà gbìyànjú ọ̀nà yẹn. Ó ṣe alákòóso Èkó títí di May 1999, ìgbà rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ oníẹsẹ̀ mẹ́ta gbòde, tí àwọn èrò sì fi orúkọ rẹ̀ pè é títí di òní. Lẹ́yìn tó bọ́ kákí, ó du ipò gómìnà ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, Adamawa, kò wọlé. Ó ti ṣe aṣojú Nàìjíríà ní South Africa, láti 2021 ló sì ti ń darí àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, NDLEA. Yíyàn ni wọ́n yàn án sí àwọn méjèèjì yìí. Ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́, bí o bá ń ka èyí, ẹni tó ni orúkọ náà nìyẹn.

Ẹlòmíràn tún wà tí a kì í sábà rántí. Ndubuisi Kanu ti ilé-iṣẹ́ ológun ojú omi jẹ gómìnà Èkó láàárín 1977 sí 1978. Ní àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìntì, ó wọ NADECO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń jà fún ìjọba àwarawa, ó bá wọn jà pé kí àwọn ológun dá ìbò June 12 padà fún ẹni tó ni ín. Ṣọ́jà tó dojú kọ ìjọba ṣọ́jà! Òṣèlú ni ìyẹn náà, bí kò tiẹ̀ sí àga nínú rẹ̀. Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà ní Alausa tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ kò mọ ẹni tó jẹ́.

Ìdí tí irú àwọn ajagunfẹ̀yìntì bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ nínú òṣèlú lẹ́yìn 1999 kò le láti mọ̀. Ní June ọdún náà, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Ọbásanjọ́ di ààrẹ, ó fẹ̀yìn àwọn ọ̀gá ológun 93 tó ti di ipò ìjọba mú rí tì lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti tọ́ adùn àga ìjọba wò, kò yẹ kó padà sí bárékè níbi tí ìbọn wà. Èmi gbà pé nínú gbogbo ohun tó ṣe, èyí wà lára àwọn tó gba ìjọba àwarawa yìí là. Ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé àwọn ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀, tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń darí ìpínlẹ̀, tí wọ́n sì mọ ènìyàn káàkiri Nàìjíríà, ṣàdédé di ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ibo ni ẹ rò pé wọ́n máa gbà lọ?

Kí jagunjagun jókòó níbi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀ ìlú kì í ṣe ohun àjèjì ní Èkó pàápàá. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ìjòyè Ọba Èkó mẹ́rin, ọ̀kan ni Àbàgbọ́n, àwọn olóyè ogun, Aṣògbọ́n sì ni olórí wọn. Oṣòdì Tápà, tó jẹ́ ọmọ Nupe, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrú láàfin, ló di balógun fún Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó, ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn òyìnbó lé wọn ní 1851, ó sì wà lára àwọn tó ṣètò bí wọ́n ṣe padà sílé ní 1862. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ibi tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n dé. Balógun ni, aláròjinlẹ̀ ìlú sì tún ni. Àmọ́ nínú ìgbìmọ̀ yẹn, àwọn Ìdẹ́jọ tó nilẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn Àkárìgbèrè àti Ògáládé wà níbẹ̀. Olóyè ogun nìkan kọ́ ló ń dá a sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí pósítà. Kí ni òfin sọ fún ṣọ́jà òde òní tó bá fẹ́ du ipò?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ṣọ́jà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kò lè du ipò kankan. Abala 318 nínú ìwé òfin 1999 ka ọmọ ogun mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn abala 66, 107, 137 àti 182, tó dá lórí ilé aṣòfin àpapọ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ààrẹ àti gómìnà, sì sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó ti fẹ̀yìntì ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán, kí ìbò tó wáyé. Ọgbọ̀n ọjọ́ yìí máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Wọ́n á rò pé ṣọ́jà lè wà ní bárékè títí di oṣù tó ṣáájú ìbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ìbò gan-an sì ni wọ́n máa ń dìbò abẹ́lé. Kò lè wọlé nínú ìbò abẹ́lé láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ṣọ́jà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí i pé ó ti gbọ́dọ̀ bọ́ kákí tipẹ́.

Ẹ kíyè sí bó ṣe bọ́ ọ náà. Èdè wa tún ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ó fẹ̀yìn tì, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì, wọ́n jáwèé gbélé-ẹ fún un: mẹ́ta ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ lo ọdún rẹ̀ pé tàbí ó fúnra rẹ̀ kọ̀wé. Ẹnì kejì, wọ́n ní kó máa lọ, bíi ti àwọn 93 yẹn, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé ó dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wọ́n lé nítorí ẹ̀sùn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé oyè ológun kiri lórí pósítà. Ìwé tí wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ẹ lè béèrè rẹ̀, kò sì yẹ kí inú bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, àwọn kan máa ń pariwo pé ṣọ́jà tí kò ka ìwé mẹ́wàá kò lè du ipò. Abala 318 yìí kan náà fàyè sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, tó ti gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí àpapọ̀ rẹ̀ tó ọdún kan, tó sì lè ka, kọ, kó sì sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì débi tó tẹ́ INEC lọ́rùn, òfin gbà á láyè. Ṣọ́jà tó ti lo ogún ọdún, tí wọ́n rán lọ kọ́ṣẹ́ léraléra, sábà máa ń ní èyí lọ́wọ́. Ohun tí òfin kò gbà ni irọ́. INEC máa ń lẹ ẹ̀dà ìwé tí olùdíje fi sílẹ̀ síta ní àgbègbè tó ti fẹ́ díje, kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Àwọn tó ń ka tẹ́tẹ́ lójoojúmọ́ kì í dúró ka ìyẹn, ó sì máa ń dùn mí.

Ti káńsù yàtọ̀ díẹ̀. LASIEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀, ló ń dìbò alága àti káńsẹ́lọ̀ ní Èkó. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà fún Èkó nínú ìwé òfin, ṣùgbọ́n láti 2003 ni ìpínlẹ̀ ti fi agbègbè ìdàgbàsókè 37 kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 57. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbé Yábàá fi lè rí alága tó yàtọ̀ sí ti Lagos Mainland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú Mainland náà ni wọ́n ti gé Yábàá jáde. Kí ẹ tó béèrè bóyá ṣọ́jà ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè èwo nínú 57 yìí ló ń dù.

Ṣé ṣọ́jà wá lè ṣe alága tó dáa? Ó lè ṣe é. Ó mọ àkókò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́, ó sì ti gbé pẹ̀lú Hausa, Ìgbò, Tív àti Ìjọ́ nínú yàrá kan, ohun tó wúlò gan-an ní ìlú bíi tiwa. Ibi tó máa ń há sí ni ìpàdé. Mo ti jókòó nínú ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kan rí, lábẹ́ kánópì, tí ajagunfẹ̀yìntì kan dìde láti sọ èrò rẹ̀ lórí géètì àdúgbò. Ó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì, ó tọ̀nà, ó jókòó, ó rò pé ó ti parí. Màmá kan ní òun kò fara mọ́ ọn. Lándílọ́ọ̀dù kan ní kí wọ́n sún un sí oṣù tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí wọ́n ṣe gbẹ́ gọ́tà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ń dì í, ó ń tú u. Ní pàráàdì, ọ̀rọ̀ kan ti tó, gbogbo ẹsẹ̀ á gbéra lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìpàdé, ọ̀rọ̀ kan ni ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó mí kanlẹ̀, ó tún dìde, ó ní, "Ẹ̀yin màmá wa, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣàlàyé." Lọ́jọ́ yẹn, mo rí ṣọ́jà tó ń di olóṣèlú lójú ara mi, kò sì sí pósítà kankan níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Sandgrouse ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, pósítà náà ṣì wà lára páànù, epo ti ta sí apá òsì rẹ̀. Mo sọ fún ìyá aláàkàrà pé ẹni apá ọ̀tún ló ń bọ̀, pé òfin kò gba ẹni apá òsì láyè. Wọ́n ronú sí i díẹ̀, wọ́n fi ṣíbí da àkàrà kan dojú dé.

Wọ́n ní, "Tó bá wọlé, tí gọ́tà iwájú mi yìí kò bá tíì ṣí, ṣé bárékè ni mo máa lọ bá a ni?"

Mo ní, "Rárá o, Mà. Káńsù ni. Ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín kọ́kọ́."

"Kí ni orúkọ káńsẹ́lọ̀ wa?"

Mo wo àwọn tó tò sẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa.